Ìyàwó wa kì í fẹ́ èrò, báwo la ṣe máa gbà á láyè tí ò ní dìjà?

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dá sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ kà á torí ó gùn díẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin gbéyàwó lọ́dún tó kọjá, ọmọ dáadáa ni ìyàwó náà, ilé ire ló ti wá, tó bá dé ọ̀dọ̀ wa á kúnlẹ̀ kí Màámi, á kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, á wọ kíṣìnnì lọ bá wa dáná, kò síṣẹ́ tẹ́ ẹ fún un tí ò ní ṣe. Àmọ́ tá a bá ti jẹun tán báyìí, tí ilé bẹ̀rẹ̀ sí í kún, tí àwọn ìyàwó ilé tó kù jókòó sí pálọ̀ tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ẹ ò ní rí i mọ́, ó ti wọ yàrá lọ. Àwọn àǹtí wa ti ń kùn pé kò lọ́yàyà, pé ó ń fíìlì ara ẹ̀, ọ̀kan tiẹ̀ sọ lójú mi pé ó jọ pé kò fẹ́ràn ẹbí ọkọ ẹ̀. Àbúrò mi ní íńtrófáàtì ni, ìyẹn ẹni tí èrò máa ń tètè rẹ̀, tó máa ń fẹ́ dá wà kó tó lókun padà, pé bó ṣe wà nílé bàbá ẹ̀ náà nìyẹn kóun tó fẹ́ ẹ. Mo sì gbà á gbọ́, torí témi àtiẹ̀ bá wà láwa méjì péré a lè sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọmọ yẹn mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì mọ ọ̀rọ̀ gbọ́.

Ní báyìí Màámi fẹ́ ṣe 70 ọdún ní Ìjẹ̀bú-Òde, òwàmbẹ̀ gidi ni, àwọn ẹbí máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í dé láti Ọjọ́bọ̀, wọn ò sì ní túká títí di alẹ́ Sọ́ńdè. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ni ọmọ ọlọ́mọ lára débi tó fi máa sá fún wa, mi ò sì fẹ́ káwọn àgbà máa bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ irú ẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀ nílé, kí la lè ṣe?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ ṣé gan-an ma, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Ọ̀pọ̀ ẹbí kì í bèèrè, wọ́n á kàn dájọ́ ni.

Irú èèyàn yẹn lèmi náà, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe máa ń rí nínú lọ́hùn-ún. A ò kórìíra èèyàn rárá. Bí ẹ bá tan jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ so gbogbo ilé mọ́ ọn, epo á tètè tán, kì í ṣe pé jẹnẹrétọ̀ yẹn ń bá gílóòbù jà, epo ló tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni. Tí mo bá wà láàárín èrò, tí ẹni yìí ń bi mí léèrè ọmọ, tí tọ̀hún ń béèrè iṣẹ́, tí mi ò sì bá ẹnì kankan sọ ju gbólóhùn mẹ́ta lọ kí ẹlòmíì tó fà mí lápá, agbára mi ń lọ nìyẹn. Ẹ wá gbé mi jókòó sídìí ẹnì kan tá a jọ ń sọ ọ̀rọ̀ tó nítumọ̀, a lè wà níbẹ̀ di òru, kò ní rẹ̀ mí. Ìdí nìyẹn tí òun pẹ̀lú yín fi máa ń sọ̀rọ̀ dáadáa ma, ẹ̀yin méjì lẹ wà, ariwo ò sí, kò sẹ́ni tó ń wò ó.

Ohun tó máa ń ni wá lára jù lọ, mo sọ ọ́ tọkàntọkàn, ni kí ẹnì kan pariwo láàárín pálọ̀ pé "ìyàwó, kí ló dé tó o dákẹ́, ṣé inú ń bí ẹ ni?" Gbogbo ojú á wá yí sí onítọ̀hún lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀rín tó fẹ́ rín tẹ́lẹ̀ gan-an á gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ẹ bá mi bẹ àwọn àǹtí yẹn kí wọ́n má bi í bẹ́ẹ̀ mọ́. Tó bá sì wọ yàrá, kí wọ́n má ran ọmọdé lọ kan ilẹ̀kùn ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí kan, òun fúnra ẹ̀ á jáde, ara ẹ̀ á sì ti balẹ̀. Yàrá tó wọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kó lè jáde wá bá yín padà.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Mo kí gbogbo ilé. Ẹ má bínú sí mi o, èmi ò tíì fara mọ́ ọ̀rọ̀ yìí tán. Àwọn àgbà ní ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Wọ́n tún ní èèyàn laṣọ. Mo ń sọ ọ́ torí mo ti rí ohun tójú rí: lórílẹ̀-èdè tiwa yìí, tí àìsàn bá dé lóru, ẹbí làá pè, tí owó ilé ìwé bá wọ́n, ẹbí náà ni, tí ọkọ bá ṣàìsí, àwọn ẹbí ọkọ yẹn ló máa jókòó pinnu ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ pẹ̀lú opó àtàwọn ọmọ ẹ̀. Ìyàwó táwọn àgbà ò mọ̀, tí wọn ò bá jẹ tí wọn ò bá rẹ́rìn-ín, ta ló máa dìde sọ̀rọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn? Ìjókòó pálọ̀ tẹ́ ẹ rí yẹn kì í ṣe ẹ̀fẹ̀ lásán, ibẹ̀ la ti ń mọ ara wa. Mi ò ní kẹ́ ẹ fìyà jẹ ẹ́ o, mo kàn ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ sọ pé bó ṣe wà nìyẹn, kẹ́ ẹ wá fi sílẹ̀ sínú yàrá.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Bàbá, ẹ ṣeun sà, ìbẹ̀rù tẹ́ ẹ sọ yìí jẹ́ òótọ́, mo fẹ́ ká mú un dání bá a ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun táwọn onímọ̀ rí, kó má dà bíi pé àwọn ọmọ ayé òde òní ló dá a sílẹ̀.

Dókítà kan, ará Switzerland, Carl Jung, ló kọ́kọ́ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ íńtrófáàtì yìí tàn káyé nínú ìwé tó gbé jáde ní 1921. Tiẹ̀ ni pé àwọn kan wà tí ọkàn wọn máa ń yí sínú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí okun, àwọn kan sì wà tí tiwọn ń yí síta, sọ́dọ̀ èèyàn àti nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀. Kò sọ pé ọ̀kan dáa ju ìkejì o, ó sì sọ pé kò sẹ́ni tó jẹ́ ọ̀kan pátápátá. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Hans Eysenck dé, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ni, Jámánì ni wọ́n ti bí i, London ló ti ṣiṣẹ́. Ní àwọn ọdún 1960 ó dá a lábàá pé ọpọlọ íńtrófáàtì ti lajú sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ju ti ẹlòmíì lọ, torí náà ariwo díẹ̀, iná díẹ̀, èrò díẹ̀ ti tó o, èyí tó bá lé lórí ẹ̀ á wá di ìnira. Ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ràn òde, tiẹ̀ ń sùn díẹ̀ ni ká sọ, ó nílò ariwo kó tó jí. Wọ́n tiẹ̀ kán omi lẹ́mọ́ọ̀nù sórí ahọ́n àwọn èèyàn, wọ́n wá rí i pé itọ́ tó jáde lẹ́nu àwọn íńtrófáàtì pọ̀ ju tàwọn tó kù lọ. Kì í ṣe gbogbo onímọ̀ ló gba àbá Eysenck tán, ṣùgbọ́n pé ara wọn tètè ń gba nǹkan sí, ọ̀pọ̀ ló fara mọ́ ìyẹn.

Ibi tó kàn wá gan-an ni ti ìbejì. Àwọn tó ń ṣèwádìí fi ìbejì tó jọra délẹ̀ wé ìbejì tí ò jọra, wọ́n sì rí i pé nǹkan bí ìlàjì ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèyàn lórí ọ̀rọ̀ ọ̀yàyà yìí jẹ́ àbímọ́ni. Ìlàjì tó kù ni ìgbésí ayé ń fi kún un. Torí náà Bàbá, ẹ ò ṣìnà tẹ́ ẹ bá ní ká kọ́ ọ, ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ ò lè sọ ọ́ di ẹlòmíì. Àwọn baba wa náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣebí wọ́n ní Kẹ́hìndé ló rán Táyé pé kó lọ tọ́ ayé wò, òun jókòó sẹ́yìn ó ń fara balẹ̀, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n ń pè lẹ́gbọ̀n.

Ìyá Ìbejì:
Háà, Nọ́ọ̀sì, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tó ń dùn mí. Bó ṣe rí nínú ilé mi gan-an nìyẹn, Táyé á ti mọ orúkọ gbogbo ọmọ àdúgbò, Kẹ́hìndé á wà lẹ́yìn mi tó ń wò wọ́n, tó bá wá pẹ́ díẹ̀ á yan ọmọ kan ṣoṣo, àwọn méjèèjì á sì jọ ṣeré títí. Ọjọ́ kan náà ni mo bí wọn, oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ.

Ẹ jọ̀ọ́ ìbéèrè kan wà ńbẹ̀: báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìwà ẹ̀ ni, tí kì í ṣe pé nǹkan ń ṣe é? Torí mi ò fẹ́ ká máa sọ pé íńtrófáàtì ni, kó wá jẹ́ pé ọmọ yẹn ń jìyà nínú.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ìbéèrè pàtàkì ni ma. Nǹkan mẹ́ta ló wà tí àwọn èèyàn máa ń pa pọ̀.

Íńtrófáàtì tí ò ní ìṣòro, ó lè dúró láàárín èrò tó bá pọn dandan, ó lè sọ̀rọ̀ níwájú ìjọ, ó lè kí gbogbo àlejò, ó kàn máa rẹ̀ ẹ́ ni, tó bá sinmi tán ojú ẹ̀ á gún régé padà. Tó bá wà nínú yàrá, inú ẹ̀ ń dùn níbẹ̀, ó ń kàwé, ó ń sùn, ó ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Ìkejì ni ìtìjú tó ti di ìbẹ̀rù. Eléyìí fẹ́ wà pẹ̀lú yín, ó ń wù ú gan-an, ṣùgbọ́n àyà ẹ̀ ń já, ó ń làágùn, ó ti ń ronú láti ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú pé wọn á fi òun ṣẹ̀sín, lẹ́yìn òde náà á tún máa ro gbogbo ọ̀rọ̀ tó sọ. Tó bá ti ń dí i lọ́wọ́ iṣẹ́ tàbí ìgbésí ayé ẹ̀, ìtọ́jú wà fún un. Wọ́n lè bá a sọ̀rọ̀ nílànà tí wọ́n ń pè ní CBT, tó ń kọ́ èèyàn bó ṣe máa yí èrò tó ń dẹ́rù bà á padà, àwọn mìíì dókítà máa ń fún wọn lóògùn. Ẹ má fi ipá tì í sáàárín èrò kẹ́ ẹ ní ìyẹn ló máa wò ó sàn.

Ìkẹta ló yẹ kẹ́ ẹ fura sí jù, òun ni ìyípadà. Ẹni tó máa ń bá yín sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́ lójijì, tí kò fẹ́ràn ohun tó ń dùn mọ́ ọn tẹ́lẹ̀, oúnjẹ ò wù ú, oorun ti dà rú, tó wá ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ bẹ́ẹ̀, ẹ mú un lọ sílé ìwòsàn, àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè ti wọlé. Tó bá jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ẹ má tiẹ̀ dúró rárá. Àmọ́ látinú ohun tẹ́ ẹ kọ, tó fi jẹ́ pé bó ṣe wà nílé bàbá ẹ̀ nìyẹn tó sì ń bá ẹ̀yin sọ̀rọ̀ dáadáa, ti àkọ́kọ́ ló jọ.

Aláṣọ Gbági:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwọn èèyàn máa ń rò pé ẹni bẹ́ẹ̀ ò lè tajà. Ìbàdàn ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà ní Gbági, léèsì, áńkárá, gíní, gbogbo ẹ̀, mi ò sì lè pariwo pe kọ́sítọ́mà láti ìdájí dalẹ́ bíi tàwọn aládùúgbò mi. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bá mi pè wọ́n. Tèmi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹni náà bá ti jókòó sórí àpótí, tó kù èmi àtiẹ̀. Mo mọ irú àwọ̀ tó bá ara ẹni kọ̀ọ̀kan mu, mo rántí aṣọ tó rà fún ìsọmọlórúkọ ọmọ ẹ̀, mo rántí pé ó ní ọ̀pá márùn-ún ò tó òun. Wọn kì í fi mí sílẹ̀. Tó bá wá di ìgbà Iléyá tàbí Kérésì tí ọjà kún bíi kó ya, mo máa ń ṣe é dáadáa, mo máa ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, àmọ́ tí mo bá délé lálẹ́ ọjọ́ yẹn mi ò kì í gbé fóònù. Ọkọ mi mọ̀. Òun fúnra ẹ̀ ló máa ń sọ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, pé màá dáhùn láàárọ̀, mo sì máa ń dáhùn lóòótọ́.

Ìyẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín Ìyá Ìbejì, fóònù tó kàn ń dún gbàà láìròtẹ́lẹ̀ máa ń wúwo fún irú wa. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bá ìyàwó yín sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ díẹ̀ ránṣẹ́ pé "ìyàwó mi, ṣé àyè wà lálẹ́ yìí ká gbọ́ ohùn ara wa?" Ẹ máa rí i pé á pè yín fúnra ẹ̀.

Kọ́pà Tẹ́lẹ̀:
Èmi rántí kám̀pù NYSC ní Ìsẹ́yìn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti fun fèrè bíígù, yàrá tó kún fún bẹ́ẹ̀dì olókè, èèyàn láti gbogbo ìpínlẹ̀. Ohun tó gbà mí ni pé mo lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn Red Cross. Iṣẹ́ gidi la ní lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó ń bi mí pé kí ló dé tí mo dá jókòó, mo sì ní ìdí láti bá èèyàn sọ̀rọ̀: níbo ló ń dùn ọ́, ṣé o ti jẹun. Nírọ̀lẹ́ mo máa ń lọ sí máàmí máàkẹ́ẹ̀tì kí èrò tó pọ̀, màá jẹun mi pẹ̀lú ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo, ọ̀rẹ́ yẹn ṣì wà títí dòní. Ẹ fún ìyàwó yín níṣẹ́ ma. Iṣẹ́ máa ń gba irú wa.

Alásè Ṣàgámù:
Ọ̀rẹ́ wa tó sọ̀rọ̀ tán yìí ti gbé e dé ibi tí mo fẹ́ kó dé. Òwàmbẹ̀ niṣẹ́ mi, mo ti dáná lóde tí mi ò lè ka iye ẹ̀ mọ́, mo sì ti rí i pé irú àwọn ìyàwó yìí ló máa ń gba ẹbí là tẹ́ ẹ bá fi wọ́n síbi tó yẹ. Ẹ má ní kó máa gbé oúnjẹ káàkiri tábìlì o, ibẹ̀ ló le jù, gbogbo tábìlì ló máa fẹ́ dá a dúró kí wọ́n mọ ọmọ ta ni. Ẹ má sì fi sídìí ìkòkò pẹ̀lú wa, ariwo tiwa náà ò kéré.

Iṣẹ́ kíkọ orúkọ àwọn tó mú ẹ̀bùn wá, ó dáa fún un, á jókòó síbi kan pẹ̀lú ìwé àti báírò, èèyàn á máa wá bá a lọ́kọ̀ọ̀kan, á kí wọn, á kọ ọ́, wọ́n á lọ. Kò sì sí àǹtí tó máa gbàgbé ojú ẹni tó kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ yàrá tí ohun mímu àti sùfẹ́níà wà náà dáa, torí ẹni tó bá fẹ́ràn àriyá ju nǹkan lọ ò lè ṣọ́ ọ, á ti lọ jó, kí ẹ tó mọ̀ ọtí ti tán.

Àmọ́ tó bá jẹ́ tèmi, èyí tí màá fún un ni Màámi fúnra wọn. Olójọ́ ìbí ọlọ́dún 70 máa pààrọ̀ aṣọ bíi ẹ̀ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ yẹn, wọ́n máa nílò ẹni tó máa bá wọn tọ́jú ìlẹ̀kẹ̀, tó máa rántí oògùn wọn, tó máa bá wọn tún gèlè ṣe, tó máa bá wọn kó owó tí wọ́n bá ná fún wọn lójú agbo. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó yẹn ṣe é. Láàárín ariwo yẹn ẹ máa rí i pé àwọn méjèèjì á máa wọ yàrá lọ nígbà kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn á tì, ara á tu ìyá, ara á tu ọmọ. Gbogbo ẹbí á sì fojú ara wọn rí i pé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màámi ló wà látàárọ̀ dalẹ́. Ta ló máa wá sọ pé kò fẹ́ràn ẹbí ọkọ ẹ̀?

Ìyá Ìbejì:
Alásè, ẹ wò ó, omi bọ́ lójú mi níbi tí mo jókòó sí. Mi ò ronú kan ìyẹn rárá. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọwọ́ yín máa ròkè.

Tíṣà Ìlọrin:
Ọ̀rọ̀ kékeré lèmi fẹ́ fi kún un. Nínú kíláàsì mi, ọmọ tí kì í nawọ́ sókè, tí mo bá sọ fún un lónìí pé ọ̀la màá ní kó ka ewì yẹn, ó máa ń kà á ju gbogbo wọn lọ. Tí mo bá kàn pè é lójijì, kò ní lè lanu. Torí náà ẹ sọ fún ìyàwó yín ṣáájú ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn: ìgbà wo ni ìdúpẹ́, ta ló ń bọ̀, ìgbà wo làwọn ìyàwó ilé máa jó. Ìmúrasílẹ̀ máa ń gba ìdajì ìnira náà kúrò.

Màmá Àbíkẹ́:
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, mo ní kí n jẹ́ kí gbogbo èèyàn sọ tán. Ìyàwó ilé Ọ̀yọ́ ni mí, ọmọ mi àgbà ti fẹ́ parí yunifásítì, irú ìyàwó tẹ́ ẹ sọ yìí ni mo jẹ́ nígbà tí mo wọlé ọkọ, òun náà ni mo ṣì jẹ́. Ohun tí Bàbá Ìjẹ̀ṣà bẹ̀rù yẹn, èmi náà bẹ̀rù ẹ̀ nígbà yẹn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo yí ìgbà padà. Dípò kí n dúró de ọjọ́ tí gbogbo ẹbí máa pé jọ, mo máa ń lọ kí àwọn àgbà lọ́jọ́ tí kò sí nǹkan kan. Ọjọ́ Túsìdeè báyìí, màá gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì dání, màá lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n ìyá ọkọ mi, èmi àtàwọn péré, wọ́n á sọ ìtàn ilé yẹn fún mi látìdí pẹpẹ. Àwọn ìyàwó tó máa ń jó lójú agbo ò gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ rí, torí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ níbi tí DJ ti ń lu sípíkà. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wá dé lóòótọ́, àwọn ìyá yẹn ni wọ́n sọ̀rọ̀ fún wa.

Mo sì fún gbogbo ẹbí ọkọ mi lórúkọ bí ìyàwó ṣe máa ń ṣe, kò sẹ́ni tí mo ń pè lórúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ìbàdíàrán wà ńbẹ̀, Akọ̀wé wà ńbẹ̀, Ẹyinfúnjowó wà ńbẹ̀. Mi ò ní púpọ̀ láti sọ láàárín èrò, àmọ́ tí mo bá ti pe ẹnì kan ní Ẹyinfúnjowó pẹ̀lú ẹ̀rín, inú ẹ̀ ti dùn fún ọjọ́ yẹn. Ẹ kọ́ ìyàwó yín níyẹn tí kò bá tíì máa ṣe é, á gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀.

Ní ti òde yẹn, ẹ jẹ́ kó tètè dé kí àlejò tó pọ̀. Tó bá jẹ́ pé ìgbà tí ilé ti kún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó gbọ́dọ̀ kí ọgọ́rùn-ún èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Tó bá ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n á máa wá bá a. Lábẹ́ kánópì, ẹ fi í sí tábìlì tó wà létí, kó jìnnà sí sípíkà, pẹ̀lú ẹni méjì tó mọ̀. Ẹ tún kìlọ̀ fún MC dáadáa kó má wulẹ̀ pariwo pé "ìyàwó tuntun dà, jáde wá jó ká rí ẹ." Ẹ ní kó pe gbogbo ìyàwó ilé pọ̀, kí wọ́n jọ jáde, òun náà á jó láàárín wọn, á tiẹ̀ gbádùn ẹ̀.

Gúrúùpù WhatsApp ẹbí náà, ẹ má fi ṣe òṣùwọ̀n ìfẹ́. Gúrúùpù tiwa ń dún láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, mi ò lè dáhùn gbogbo ẹ̀. Àmọ́ ẹni tí ọjọ́ ìbí ẹ̀ bá pé, màá kàn sí i fúnra mi, màá fi ohùn ṣàdúrà fún un.

Bàbá Ìjẹ̀ṣà:
Màmá Àbíkẹ́, mo gbọ́ yín, ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn gan-an ni mò ń wá. Tó bá jẹ́ pé ẹbí mọ ọmọ yẹn, ọ̀nà yòówù kó gbà mọ̀ wọ́n, ó tẹ́ mi lọ́rùn. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n fi kun pé àwọn ìgbà kan wà lọ́jọ́ yẹn tí kò ṣeé ṣe kó má sí níbẹ̀. Ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí Màámi bá ń wọlé sójú agbo pẹ̀lú àwọn ọmọ àti ìyàwó. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò gbogbo ẹbí, torí fọ́tò yẹn máa wà lára ògiri títí, ẹni tí kò bá sí nínú ẹ̀, ìbéèrè ni yóò máa jẹ́. Kí àwọn àgbà tí wọ́n ń padà lọ sílé tó wọ mọ́tò, kó dúró kó kí wọn pé ó dìgbóṣe. Tó bá ti ṣe mẹ́rin yìí, èmi ò rí ohun tí àgbà kan máa sọ. Láàárín wọn, kó lọ sinmi.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Bàbá, ẹ ṣeun sà, ẹ ti là á yé wa. Irú àdéhùn yìí ló máa ń gba èèyàn bíi tèmi là, torí tí mo bá mọ ìgbà tó pọn dandan, màá tọ́jú agbára mi dè é. Ohun tó máa ń pa wá ni kí gbogbo ìṣẹ́jú jẹ́ dandan.

Ìyá Ìbejì:
Mo ti ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ó ku ẹyọ kan: ṣé kí n sọ fún Màámi ṣáájú, àbí kí n kàn ṣètò ẹ̀ láìsọ? Àti àwọn àǹtí yẹn, ta ló yẹ kó bá wọn sọ ọ́?

Màmá Àbíkẹ́:
Ọkọ ẹ̀ ni kó sọ fún Màámi o, kì í ṣe ẹ̀yin, kì í sì í ṣe ìyàwó. Tí ọmọ bíbí inú wọn bá sọ ọ́, wọ́n á gbà á. Kó má lo íńtrófáàtì sí wọn létí rárá, kó kàn sọ fún wọn pé "Màámi, ìyàwó mi fẹ́ràn yín, ariwo ló máa ń tètè rẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà kó máa bá yín tọ́jú aṣọ." Inú ìyá wo ni kò ní dùn síyẹn? Tí Màámi bá ti fọwọ́ sí i, àwọn àǹtí ò ní lè sọ púpọ̀ mọ́, èyí tó bá sì sọ ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni kẹ́ ẹ dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ pé èmi ni mo rán an níṣẹ́. Kó má di pé ìyàwó ń ṣàlàyé ara ẹ̀ fẹ́nì kankan.

Yàrá náà ńkọ́? Ẹ ṣètò ẹ̀ láti Ọjọ́bọ̀. Ẹ má fi òun àti ọkọ ẹ̀ sí yàrá tí ọmọ mẹ́jọ máa tẹ́ ẹní sí o. Tí kò bá sí yàrá nílé, ẹ gba ibi kékeré fún wọn nítòsí, kó máa wá láàárọ̀ kó máa padà lálẹ́. Tó bá sì wà nínú ilé, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀, torí àlejò á kó báàgì àti gèlè wọn wọbẹ̀ láìbèèrè, kó tó dọ̀sán Sátidé kò ní sí ibi tó máa fẹ̀yìn lé mọ́.